Àmì Ìdánimọ̀ Ọjà

Ohun tí oníbàárà fi ń dá ọjà ẹnì kan mọ̀ láàárín ogunlọ́gọ̀ ni àmì ìdánimọ̀ ọjà: orúkọ ni o, àwòrán ni o. Ọ̀pọ̀ oníṣòwò rò pé ìwé ẹ̀rí CAC, àjọ tó ń forúkọ ilé-iṣẹ́ sílẹ̀ ní Nàìjíríà, ti tó. Rárá o, orúkọ ilé-iṣẹ́ nìyẹn. Ọ́fíìsì tó ń forúkọ àmì ọjà sílẹ̀ wà l'Abuja. Wọn á kọ́kọ́ gbé àmì náà jáde nínú ìwé ìkéde wọn (jọ́nà), kí ẹni tó bá lòdì sí i lè sọ̀rọ̀ láàárín oṣù 2. Ọdún 7 ni ìforúkọsílẹ̀ àkọ́kọ́ máa ń lò, ọdún 14 ni ìsọdọ̀tun kọ̀ọ̀kan. Ẹ má wulẹ̀ gbé “Gààrí Ìjẹ̀bú” lásán lọ: oúnjẹ gbogbo ayé, ìlú gbogbo ayé, ta ni wọ́n fẹ́ kọ ọ́ fún? Orúkọ tẹ́ ẹ dá fúnra yín, tẹ́ ẹ tẹ̀ sára ọ̀rá, ni kẹ́ ẹ mú dání.