Ilé Fernandez ní Ìta Tinúbú àti Ẹ̀kọ́ Rẹ̀ fún Wa

Bí a bá ń sọ ìtàn àwọn Àgúdà ní Èkó, orúkọ bíi da Silva àti Pereira ló máa ń kọ́kọ́ wá sí wa lọ́kàn. Nínú iṣẹ́ yìí, ilé kíkọ́ wọn ni a fẹ́ gbé yẹ̀ wò. Ilé kan tí kò sí mọ́ ni a ó fi ṣe àpẹẹrẹ.

Àwọn Àgúdà ni àwọn tí ó gba òmìnira lóko ẹrú ní Brazil tí wọ́n sì padà wálé, pàápàá lẹ́yìn ọ̀tẹ̀ àwọn ẹrú Mùsùlùmí ní Bahia ní 1835. Púpọ̀ nínú wọn jẹ́ bíríkìlà àti káfíńtà. Kí wọ́n tó dé, agbo ilé ni a mọ̀: iyàrá yí àgbàlá ká, ọ̀dẹ̀dẹ̀ sì kọjú sí i. Ilé Àgúdà ní tirẹ̀ kọjú sí títì. Ọ̀nà kan là á já láti iwájú dé ẹ̀yìn, iyàrá wà lọ́tùn-ún lósì. Wọ́n á rẹ́ ògiri bíríkì rẹ̀, wọ́n á sì fi iṣẹ́ ọnà yí fèrèsé ká.

Ìdílé Fernandez kọ́ ilé tiwọn sí Ìta Tinúbú ní nǹkan bí 1855. Ilé pẹ́tẹ́ẹ̀sì ni, ẹnu ọ̀nà rẹ̀ sì tẹ̀ bí ọrun lókè. Ní 1933, Alfred Omolana Olaiya rà á. Láti ìgbà náà ni a ti mọ̀ ọ́n sí Ilojo Bar. Ní 1956, ìjọba kéde rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ohun ìrántí orílẹ̀-èdè. Síbẹ̀, ní oṣù kẹsàn-án 2016, wọ́n wó o lulẹ̀.

Èrò tiwa ni pé ìkéde nìkan kò tó. Òfin kì í rẹ́ ògiri, kì í sì í pààrọ̀ páànù. Ẹni tí ó bá ní kí onílé má wo ilé rẹ̀ gbọ́dọ̀ bá a gbé owó àtúnṣe.

Irú ilé yìí ṣì wà ní àwọn ìlú kéékèèké wa, níbi tí àwọn àgbẹ̀ oníkòkó àti oníṣòwò ti kọ́ ọ. A dá a lábàá pé kí àwa olùkọ́ rán akẹ́kọ̀ọ́ lọ wọn àwọn ilé náà, kí wọ́n ya àwòrán wọn, kí wọ́n sì bi àwọn àgbà léèrè orúkọ àwọn bíríkìlà tó kọ́ wọn. Bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. Ilojo ti ṣubú. Ẹ jẹ́ kí a wo ẹ̀yìn.