Ẹ̀yìnkùlé Ìyá Àgbà Nínú Ìtàn Ilẹ̀ Wa

Bí a bá ń ka ìtàn iṣẹ́ àgbẹ̀ ní ilẹ̀ Yorùbá, kòkó ni a sábà máa ń bá pàdé, lẹ́yìn náà iṣu àti epo pupa. Ẹ̀yìnkùlé kì í sí níbẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni kò sí ilẹ̀ tí a tọ́jú pẹ́ tó o. Oko ẹgàn àti oko etílé, àwọn baba wa a máa fi wọ́n sílẹ̀ kí wọ́n di igbó padà, kí ilẹ̀ lè sinmi. Ẹ̀yìnkùlé kì í sinmi. Ibẹ̀ ni eérú ààrò, èèpo iṣu, ìgbẹ́ ewúrẹ́ àti omi ìwẹ̀ ń lọ láti ọdún dé ọdún, títí ilẹ̀ fi dúdú.

Ìyá àgbà tí ẹsẹ̀ kò gbé dé oko mọ́ ni ó sábà máa ń ni ín: ewúro lẹ́bàá balùwẹ̀, tẹ̀tẹ̀ àti ṣọkọ lórí ààtàn, ẹ̀fínrín nítorí inú rírun ọmọdé, àti igi ọsàn kan tí gbogbo ọmọ àdúgbò ń sọ lókò. Èyí ni ọmọ-ọmọ tí ó wà ní London máa ń béèrè lórí fóònù. Mi ò tíì gbọ́ ẹni tí ó béèrè oko kòkó. Ṣùgbọ́n ìwé ìjọba kò mọ̀ ọ́n. Nígbà tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì dá ọgbà ohun ọ̀gbìn sílẹ̀ ní Ẹ̀bútẹ́ Mẹ́ta ní 1887, irúgbìn tí a lè kó lọ tà ní òkè òkun ni ó jẹ wọ́n lógún. Ta ni yóò ka ewúro?

Ẹ̀yin òǹkàwé wa, ohun kan lè yà yín lẹ́nu. Ọ̀pọ̀ ohun tí à ń pè ní ti ìbílẹ̀ nínú ọgbà yìí jẹ́ àlejò. Ata, àgbàdo, ẹ̀gẹ́, tòmátì àti ìbẹ́pẹ, láti Amẹ́ríkà ni wọ́n ti wá, lẹ́yìn tí àwọn Potogí bẹ̀rẹ̀ sí í tukọ̀ wá sí etíkun wa. Máńgòrò ti Íńdíà wá. Ọ̀pẹ òyìnbó ní tirẹ̀, orúkọ rẹ̀ ti jẹ́wọ́. Ìyèré àti ataare ni ọmọ onílẹ̀, pẹ̀lú obì àti orógbó.

Ìṣèlú pàápàá wọ ibẹ̀. Ewé kan wà tí òun náà ti Amẹ́ríkà wá, tí ó sì bo ilẹ̀ wa láìpẹ́ rárá. Níbì kan ewé Akíntọ́lá ni wọ́n ń pè é, níbòmíràn ewé Awólọ́wọ̀, orúkọ àwọn aṣáájú méjì tí ìjà wọn fọ́ ẹgbẹ́ Action Group ní 1962. Àwọn àgbà a máa fún omi rẹ̀ sójú ọgbẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ lè dá. Ọgbẹ́ kì í béèrè ẹgbẹ́ tí ènìyàn ń ṣe.

Ohun tí ó wà nínú ewu lónìí ju ẹ̀fọ́ lọ. Pèrègún tí ìyá àgbà gbìn sórí ìlà kan, ààlà ni. Nínú ẹjọ́ ilẹ̀, àwọn ẹlẹ́rìí a máa tọ́ka sí i. Ní 1976, nínú ẹjọ́ Idundun àti Okumagba, Ilé-Ẹjọ́ Gíga Jùlọ ka ọ̀nà 5 tí ènìyàn lè gbà fi hàn pé òun ni ó ni ilẹ̀. Lílo ilẹ̀ fún ìgbà pípẹ́ wà lára wọn, igi tí ó ti gbó sì lè jẹ́rìí sí irú ìlò bẹ́ẹ̀. Òfin Ìlò Ilẹ̀ ti 1978 náà sọ pé bí ìjọba bá gba ilẹ̀, ilé àti ohun ọ̀gbìn ni a ó díye lé. Lórí ilẹ̀ lásán, owó ilẹ̀ tí ènìyàn san ní ọdún náà ni yóò padà sọ́wọ́ rẹ̀. Síbẹ̀, ìsìnkú kì í tíì tán dáadáa tí àwọn ajogún fi ń gé igi, tí wọ́n ń da kọnkéré sílẹ̀, tí wọ́n ń kọ́ ṣọ́ọ̀bù. Mi ò bá wọn jà lórí ṣọ́ọ̀bù, nítorí ọmọ ní láti jẹun. Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni tó hú pèrègún, ó yẹ kí ó kọ́kọ́ pe awọnlẹ̀.

Àwọn tí a kó lẹ́rú lọ sí Brazil kò rí ẹ̀yìnkùlé gbé dání. Síbẹ̀, ní Salvador ní ìpínlẹ̀ Bahia, pèrègún àti akòko ń hù lágbàlá àwọn ilé òrìṣà, orúkọ Yorùbá wọn ni wọ́n sì ń jẹ́ títí di òní. Pierre Verger, ọmọ Faransé tí ó lo ọ̀pọ̀ ọdún láàárín Bahia àti ilẹ̀ wa, kó ìmọ̀ ewé Yorùbá jọ sínú ìwé ńlá kan tí ó pè ní Ewé, tí ó jáde ní 1995, nígbà tí ikú rẹ̀ kò ju ọdún kan lọ mọ́. Ilé Àṣẹ Òpó Àfọ̀njá, tí Ìyá Aninha dá sílẹ̀ ní Salvador ní 1910, ní ilẹ̀ tí ewé àti igi pọ̀ sí, ìjọba Brazil sì ti fi òfin dáàbò bò ó gẹ́gẹ́ bí ohun àjogúnbá. Nílé níbí, akòko tí a fi ń joyè, ọwọ́ ẹlẹ́wé ọmọ lọ́jà ni ọ̀pọ̀ ìdílé ti ń rà á báyìí.