Iṣẹ́ Ọwọ́, Oúnjẹ àti Iṣẹ́ Ìyanu: Ìwádìí sí Ẹ̀kọ́ Sikh àti Ìtàn Àwọn Ẹni Mímọ́ Wọn

Ní ìlú Amritsar, ní ìpínlẹ̀ Punjab ní ilẹ̀ Íńdíà, ilé gogoro alájà mẹ́sàn-án kan wà nítòsí Harmandir Sahib, ilé ìjọsìn tí ayé mọ̀ sí Tẹ́ḿpìlì Wúrà. Ìrántí ọmọdé kan ni wọ́n fi kọ́ ọ. Atal Rai ni orúkọ rẹ̀, ọmọ Guru Hargobind tó jẹ́ Guru kẹfà nínú àwọn olórí ẹ̀mí tó darí àwọn Sikh tẹ̀ léra wọn. Ìtàn sọ pé ejò bu Mohan ọ̀rẹ́ rẹ̀ ṣán, Mohan kú, Atal sì jí i dìde. Nígbà tí bàbá rẹ̀ gbọ́, inú rẹ̀ kò dùn rárá. Lójú tirẹ̀, ẹni tó bá ń fi agbára ẹ̀mí ṣe àṣehàn ń bá Ọlọ́run du àṣẹ ni. Atal gba ìbáwí náà, ó lọ dùbúlẹ̀, ó sì fi ẹ̀mí tirẹ̀ dípò ẹ̀mí ọ̀rẹ́ rẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni. Àjà mẹ́sàn-án ilé náà dúró fún iye ọdún tó lò láyé.

Ẹ̀sìn tó bá ọmọdé wí nítorí iṣẹ́ ìyanu yìí náà ni ìtàn rẹ̀ kún fún iṣẹ́ ìyanu. Báwo ni a ṣe lè ka méjèèjì pọ̀ kí ọ̀kan má pa èkejì? Èrò tí mo fẹ́ gbé kalẹ̀ ni pé ẹjọ́ ni iṣẹ́ ìyanu máa ń dá nínú ìtàn àwọn Sikh. Ta ni oúnjẹ rẹ̀ mọ́? Iṣẹ́ ta ni ó níyì? Ta ni a lè bá jókòó jẹun? Nígbà tí iṣẹ́ ìyanu bá kúrò lórí àwọn ọ̀rọ̀ wọ̀nyí, tó di ògo ẹni tó ṣe é, ìtàn náà fúnra rẹ̀ ni yóò bá onítọ̀hún wí.

Guru Nanak, ẹni tó dá ẹ̀sìn náà sílẹ̀, ni wọ́n bí ní 1469 ní Talwandi, ìlú tí à ń pè ní Nankana Sahib ní Pàkísítánì lónìí. Alábòójútó aká ọkà ni ní Sultanpur, lábẹ́ gómìnà Daulat Khan Lodhi. Ibẹ̀ ni ìtàn ti sọ pé ó lọ wẹ̀ nínú odò Bein, tí wọn kò rí i fún ọjọ́ mẹ́ta. Nígbà tó jáde, ohun tó kọ́kọ́ kéde ni pé níwájú Ọlọ́run, kò sí ẹni tó ń jẹ́ Híńdù, kò sì sí ẹni tó ń jẹ́ Mùsùlùmí. Lẹ́yìn èyí ó rin ìrìn àjò fún ọ̀pọ̀ ọdún pẹ̀lú Mardana, Mùsùlùmí tó ń ta rabab, ohun èlò orin olókùn, tí Nanak bá ń kọrin. Ó wá fìdí kalẹ̀ sí Kartarpur, ó ń dáko níbẹ̀, ó sì ń kọ́ àwọn ènìyàn títí tó fi kú ní 1539. Ẹ jẹ́ kí a fi ọkàn sí oko yẹn. Wòlíì tó lókìkí, tí àwọn ènìyàn ń wá láti ọ̀nà jíjìn, ọkọ́ ni ó ń gbé lówùúrọ̀.

Ẹ̀kọ́ rẹ̀ bá ìgbésí ayé yìí mu. Ọlọ́run kan ṣoṣo ló wà, tí a kò bí, tí kò ní àwòrán, tí àṣẹ rẹ̀ ń darí ohun gbogbo. Àìsàn ọmọ ènìyàn ni haumai, ìgbéra-ẹni-lárugẹ tó ń mú kí ó rò pé òun dá wà. Lára rẹ̀ ni olè márùn-ún ti ń jáde: ìfẹ́kúfẹ̀ẹ́, ìbínú, ojúkòkòrò, ìfàmọ́ra ohun ayé àti ìgbéraga. Oògùn rẹ̀ ni kí ènìyàn máa rántí Orúkọ Ọlọ́run, kí ó fi òótọ́ ṣiṣẹ́ jẹun, kí ó sì pín nínú ohun tó bá rí. Nanak kò rí ìdí tí ènìyàn fi gbọ́dọ̀ sá lọ sínú igbó kí ó tó mọ Ọlọ́run. Ó bá àwọn yógì jiyàn, àwọn tó kọ ilé sílẹ̀ tí wọ́n sì tún ń tọrọ oúnjẹ lẹ́nu ọ̀nà onílé.

Ìtàn tó gbé ẹ̀kọ́ yìí dé etí mẹ̀kúnnù jùlọ ni ti Lalo. Ní Sayyidpur, tó ń jẹ́ Eminabad báyìí, ilé Lalo tó jẹ́ gbẹ́nàgbẹ́nà ni Nanak wọ̀ sí. Malik Bhago, òṣìṣẹ́ ìjọba tó lówó, se àsè ńlá, ó sì ránṣẹ́ pe gbogbo ẹni mímọ́ tó wà nílùú. Nanak kò lọ. Nígbà tí wọ́n mú un wá láti wá sọ ìdí rẹ̀, ó mú búrẹ́dì gbígbẹ Lalo sí ọwọ́ kan, ó mú oúnjẹ aládùn Bhago sí ọwọ́ kejì, ó sì fún méjèèjì. Wàrà ló kán láti inú ti Lalo, ẹ̀jẹ̀ ló kán láti inú ti Bhago. Ẹ wo ohun tí iṣẹ́ ìyanu náà ṣe: kò wo ẹnikẹ́ni sàn, kò sì sọ Nanak di ọba. Ó fi ibi tí oúnjẹ ti wá hàn ni. Ẹ̀jẹ̀ àwọn tí Bhago fi ipò rẹ̀ rẹ́ jẹ ló wà nínú àsè náà kí Nanak tó fọwọ́ kàn án.

Inú àwọn ìwé ìtàn ìgbésí ayé Nanak tí wọ́n ń pè ní Janamsakhi ni irú ìtàn yìí wà. Ọ̀kan pàtàkì nínú wọn, tí àwọn onímọ̀ ń pè ní B40, tí wọ́n kọ ní 1733 tó sì ní àwòrán, wà ní British Library ní Lọ́ńdọ̀nù. Ní 1968, W. H. McLeod, ọmọ New Zealand tó ti ṣe olùkọ́ ní Punjab, tẹ ìwé Guru Nanak and the Sikh Religion jáde. Ó yẹ àwọn ìtàn náà wò ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó sì parí rẹ̀ sí pé díẹ̀ péré ló lè dúró gẹ́gẹ́ bí ìtàn ohun tó ṣẹlẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà dun ọ̀pọ̀ Sikh. Ní tèmi, McLeod ṣe iṣẹ́ tó yẹ kí òpìtàn ṣe, ṣùgbọ́n iṣẹ́ náà kò parí síbẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ mọ ohun tí àwọn tó tẹ̀lé Nanak gbọ́ nínú ẹ̀kọ́ rẹ̀, inú Janamsakhi ni yóò ti rí i.

Ẹ̀rí tó lágbára jù fún èrò mi wà nínú ìwé mímọ́ wọn gan-an. Ní 1604, Guru Arjan parí àkójọ Granth, Bhai Gurdas sì ni akọ̀wé rẹ̀. Ojú ìwé 1,430 ni Guru Granth Sahib ní bí wọ́n ṣe ń tẹ̀ ẹ́ lónìí, orin ló sì pọ̀ jù nínú rẹ̀, tí wọ́n tò ní ìlànà ohùn tí à ń pè ní raga. Guru Arjan kò fi í mọ sórí orin àwọn Guru. Ó fi ti àwọn Bhagat, àwọn olùfọkànsìn tí púpọ̀ nínú wọn ti gbáyé ṣáájú Nanak, kún un. Kabir tó wá láti Banaras jẹ́ ahunṣọ, Ravidas ń fi awọ ṣe bàtà, Namdev ń ránṣọ, Sain jẹ́ onígbàjámọ̀, Sadhna jẹ́ alápatà, Dhanna jẹ́ àgbẹ̀. Sheikh Farid jẹ́ Súfì, Mùsùlùmí pọ́ńbélé. Láyé ìgbà yẹn, ẹni tí ìran rẹ̀ wà lókè kò jẹ́ gba omi lọ́wọ́ oníṣẹ́ awọ. Nígbà tí Guru Gobind Singh sì kéde ní 1708 pé Granth ni yóò jẹ́ Guru lẹ́yìn òun, gbogbo Sikh tó bá forí balẹ̀ níwájú ìwé náà ń forí balẹ̀ fún ọ̀rọ̀ ẹnu oníṣẹ́ awọ pẹ̀lú.

Namdev fúnra rẹ̀ kọ ọ́ lórin pé wọ́n lé òun jáde nínú tẹ́ḿpìlì nítorí ìran òun, tẹ́ḿpìlì sì yí ojú padà sí ibi tí òun jókòó sí lẹ́yìn ilé. Ẹjọ́ ni iṣẹ́ ìyanu tún dá níhìn-ín.

Ohun tí ìtàn fi iṣẹ́ ìyanu sọ ni àwọn Guru fi ìdáná sọ. Langar ni wọ́n ń pe oúnjẹ ọ̀fẹ́ tó wà ní gbogbo gurdwara, ilé ìjọsìn wọn. Khivi, ìyàwó Guru Angad, ni ìwé mímọ́ yìn nítorí ìtọ́jú rẹ̀ níbẹ̀. Guru Amar Das sì ní kí ẹni tó bá fẹ́ rí òun kọ́kọ́ jókòó nílẹ̀ bá gbogbo ènìyàn jẹun. Ìtàn ní ọba Akbar pàápàá jókòó.

Ìkìlọ̀ lórí iṣẹ́ ìyanu àṣehàn tún yọjú ní 1675. Ní Delhi, àwọn aláṣẹ ní kí Guru Tegh Bahadur, tó ń gbèjà ẹ̀sìn àwọn Híńdù Kashmir, ṣe iṣẹ́ ìyanu kan kí ó lè gba ara rẹ̀ là. Ó kọ̀, wọ́n sì bẹ́ ẹ lórí. Nígbà tí ọmọ rẹ̀, Gobind Singh, wá ń jagun ní Anandpur, wọ́n fi ẹ̀sùn kan Bhai Kanhaiya pé ó ń fún ọ̀tá tó fara gbọgbẹ́ lómi. Kanhaiya dáhùn pé òun kò rí ọ̀tá, ojú Guru ni òun ń rí lára gbogbo wọn. Guru fún un ní oògùn ìpara pé kí ó máa fi dí ojú ọgbẹ́ wọn pẹ̀lú.

Ní ayé òde òní, Bhagat Puran Singh (1904–1992) ni mo kà sí ọmọ ìdílé ẹ̀mí Kanhaiya. Ní 1934, wọ́n já ọmọ aláàbọ̀ ara kan sílẹ̀ sí gurdwara tó ti ń sìn ní Lahore. Ó sọ ọ́ ní Piara, ó sì fi ọ̀pọ̀ ọdún pọ̀n ọ́n sẹ́yìn káàkiri. Nígbà tí wọ́n pín Íńdíà ní 1947, ó pọ̀n ọ́n dé Amritsar, ó sì dá Pingalwara sílẹ̀ níbẹ̀ fún àwọn aláìsàn tí kò ní ẹni. Kò sí wàrà, kò sí ẹ̀jẹ̀ nínú ìtàn tirẹ̀.

Ó yẹ kí a sọ ibi tí ọ̀rọ̀ ti kù díẹ̀ káàtó. Ìyàtọ̀ ìran kò tíì tán láàrin àwọn Sikh. Ní ọ̀pọ̀ abúlé Punjab, gurdwara àwọn tí wọ́n fojú tẹ́ńbẹ́lú yàtọ̀, ibi tí wọ́n ti ń sun òkú wọn náà yàtọ̀. Ní 2009, wọ́n pa Sant Rama Nand, oníwàásù àwọn ọmọlẹ́yìn Ravidas, nínú tẹ́ḿpìlì ní Vienna. Ní ọdún tó tẹ̀ lé e, apá kan nínú wọn kéde pé ẹ̀sìn àwọn ti dá dúró, wọ́n sì gbé ìwé mímọ́ tiwọn, Amritbani, kalẹ̀. Àdánù ńlá ni èyí fún ẹ̀sìn tó gbé orin Ravidas sínú Granth.

Ẹ̀yin òǹkàwé wa tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù kò ní láti gba ọ̀rọ̀ yìí gbọ́ láti orí ìwé nìkan. Gurdwara ńlá kan wà ní Guru Nanak Road, tó ń jẹ́ Havelock Road tẹ́lẹ̀, ní Southall. Ẹ bọ́ bàtà, ẹ bo orí, ẹ jókòó, ẹ jẹun. Wọn kì í gba owó. Bí ẹ bá jẹun tán, ẹ béèrè ìtàn Lalo lọ́wọ́ àwọn àgbà tó wà níbẹ̀, kí ẹ sì fi tiwọn wé èyí tí mo sọ.