Hẹ̀rẹ̀-huru Òru: Bí Amẹ́ríkà Ṣe Ti Inú Àìdásí Bọ́ Sínú Ogun Àgbáyé Kejì

Bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò búburú, tí a kò bá tètè sọ fún un, hẹ̀rẹ̀-huru rẹ̀ kò ní jẹ́ kí a sùn lóru. Ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń rò pé ẹni tó ń jẹ kòkòrò ni òwe yìí ń bá wí. Bẹ́ẹ̀ kọ́. Ẹni tó dákẹ́ ló kọjú sí, ẹni tó rò pé ohun tó wà lẹ́nu ẹlẹ́nu kò kan òun. Kò ní kí ó bá ará ilé rẹ̀ jà, kò sì ní kí ó já oúnjẹ gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ní kí ó sọ̀rọ̀ nígbà tí ọ̀rọ̀ ṣì ní agbára. Ojú yìí ni mo fẹ́ fi wo ìrìn Amẹ́ríkà láti ọdún 1935, tó fi òfin de ara rẹ̀ pé òun kò ní dá sí ogun ẹnikẹ́ni, títí dé ọdún 1945, tí àwọn ọmọ ogun rẹ̀ ti tàn ká ayé. Àwọn tó ń gé ìtàn náà kúrú a máa ní ọjọ́ kan ṣoṣo ló yí gbogbo rẹ̀ padà, ìyẹn ọjọ́ keje oṣù Kejìlá ọdún 1941, tí Jàpáàn ju àdó olóró sí Pearl Harbor ní Hawaii, tí ènìyàn 2,403 sì kú. Èrò tèmi ni pé Amẹ́ríkà ti wà nínú ogun náà kí ọjọ́ yẹn tó dé, àti pé ìdákẹ́jẹ́ tó kọ́kọ́ fi ṣe ọgbọ́n lókè òkun ni irú rẹ̀ ń jà nínú ilé rẹ̀ pẹ̀lú.

Kí a má fi ojú òmùgọ̀ wo àwọn tó ṣe òfin yẹn o. Ogun Àgbáyé Kìíní ti gba ẹ̀mí ọmọ Amẹ́ríkà tó 116,000, àwọn orílẹ̀-èdè Yúróòpù tó yá owó kò san gbèsè náà tán, àlàáfíà tí wọ́n torí rẹ̀ lọ jà kò sì dúró. Ní ọdún 1934, ìgbìmọ̀ kan ní Ilé Aṣòfin Àgbà, tí Gerald Nye láti North Dakota jẹ́ olórí rẹ̀, bẹ̀rẹ̀ sí í wádìí èrè tí àwọn oníṣòwò ohun ìjà àti àwọn báńkì jẹ nínú ogun náà. Ohun tí wọ́n tú síta bí àwọn ará ìlú nínú gidigidi. Ìbínú wọn tọ́, ṣùgbọ́n ogun àná ni wọ́n ṣe òfin dè. Òfin ọdún 1935 ní kí ẹnikẹ́ni má ta ohun ìjà fún orílẹ̀-èdè kankan tó bá wà lójú ogun, ìbáà ṣe ẹni tó lọ kọlu ẹlòmíràn, ìbáà ṣe ẹni tí wọ́n wá ká mọ́lé. Ó lé díẹ̀ ní oṣù kan lẹ́yìn rẹ̀ ni Ítálì kọlu Etiópíà. Ítálì ní ilé iṣẹ́ ohun ìjà tirẹ̀, Etiópíà kò ní. Epo rọ̀bì kò sì sí lára ohun tí òfin kà léèwọ̀, nítorí náà Ítálì ń rà á lọ́wọ́ àwọn oníṣòwò Amẹ́ríkà bó ṣe fẹ́. Òfin tó pe ara rẹ̀ ní aláìdásí ti gbè sẹ́yìn alágbára. Àwọn adúláwọ̀ ní Harlem rí i bẹ́ẹ̀, àwọn ará Èkó náà sì rí i, wọ́n péjọ, wọ́n fẹ̀hónú hàn; ṣùgbọ́n kì í ṣe àwọn ni wọ́n ń ṣòfin ní Washington.

Ní ọdún 1937, wọ́n na òfin náà dé ogun abẹ́lé kí ó lè mú ti Sípéènì. Ti Ṣáínà ló wá burú jù. Láti oṣù Keje ọdún náà ni Jàpáàn ti ń pa àwọn ará Ṣáínà ní ìpakúpa, bẹ́ẹ̀ ọwọ́ Amẹ́ríkà ni Jàpáàn ti ń ra nǹkan bí ìdá mẹ́rin nínú márùn-ún epo rẹ̀, àti àwókù irin tó ń fi rọ ohun ìjà. Ààrẹ Roosevelt sọ ọ́ ní Chicago ní oṣù Kẹwàá pé ó yẹ kí àwọn orílẹ̀-èdè tó fẹ́ àlàáfíà ya àwọn tó ń dá ogun sílẹ̀ sọ́tọ̀ bí a ti ń ya alárùn sọ́tọ̀. Nígbà tí ariwo pọ̀ lé e lórí, ó jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà kú. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ọdún mẹ́rin lẹ́yìn ìgbà náà, ní oṣù Keje ọdún 1941, kí ó tó dí ọ̀nà epo mọ́ Jàpáàn, lẹ́yìn tí wọ́n ti wọ gúúsù Indochina. Ohun tí ì bá jẹ́ ìkìlọ̀ ní ọdún 1937 ti di ìpèníjà ní ọdún 1941.

Ní ti Yúróòpù, ẹsẹ̀ kan tẹ̀lé ẹsẹ̀ kan ni. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 1939, wọ́n tún òfin náà ṣe, wọ́n ní ẹni tó bá mú owó wá, tó sì mú ọkọ̀ ojú omi tirẹ̀ wá, lè ra ohun ìjà. Nígbà tí Faransé ṣubú ní oṣù Kẹfà ọdún 1940, ìbẹ̀rù mú wọn yára. Oṣù Kẹsàn-án ọdún náà ni wọ́n fún ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ọkọ̀ ogun 50 tó ti gbó, wọ́n gba ibùdó ogun dípò wọn. Oṣù yẹn kan náà ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi òfin kó ọ̀dọ́mọkùnrin sí iṣẹ́ ológun, ohun tí Amẹ́ríkà kò ṣe rí ní àsìkò àlàáfíà. Ní oṣù Kẹta ọdún 1941 ni òfin Lend-Lease jáde, tí wọ́n fi ń yá àwọn tó ń bá Hitler jà ní ohun ìjà àti oúnjẹ; nígbà tí ogun yóò fi parí, ohun tó bá a lọ ti tó bílíọ̀nù 50 dọ́là. Ẹni tó bá ṣì ń ṣiyèméjì, kí ó wo ilẹ̀ Nàìjíríà. Kí ọdún 1941 tó parí, ilé iṣẹ́ Pan American ti gba iṣẹ́ láti máa bá àwọn Gẹ̀ẹ́sì gbé bàálù ogun gba ojú ọ̀nà òfuurufú tó gba Accra, Kano àti Maiduguri lọ sí Khartoum, títí dé Cairo. Ní ọjọ́ tó gbẹ̀yìn oṣù Kẹwàá, ọkọ̀ abẹ́ omi Jámánì ri ọkọ̀ ogun Reuben James, àwọn atukọ̀ Amẹ́ríkà tó lé ní 100 sì bá a lọ. Pearl Harbor ṣì ku ọ̀sẹ̀ márùn-ún.

Àwọn kan yóò ní ẹ̀rí yìí gan-an ló ń dá Roosevelt lẹ́bi, pé òun ló rọra fa orílẹ̀-èdè tó ń sùn jẹ́jẹ́ sínú ogun. Ẹgbẹ́ America First, tí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ rẹ̀ tó 800,000, pariwo bẹ́ẹ̀ nígbà náà, apá kan ọ̀rọ̀ wọn sì jẹ́ òtítọ́. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 1941, Roosevelt sọ fún àwọn ará ìlú pé ọkọ̀ abẹ́ omi Jámánì ló kọ́kọ́ yìnbọn sí ọkọ̀ ogun Amẹ́ríkà, Greer. Kò sọ fún wọn pé Greer ti ń tọ ipa ọkọ̀ náà fún wákàtí mélòó kan, tó sì ń júwe ibi tó wà fún bàálù Gẹ̀ẹ́sì. Èmi kò ní bá a bò ó. Ṣùgbọ́n kí ló sọ ọ́ di dandan fún olórí láti máa gba ẹ̀yìn ilé? Ní oṣù Kẹjọ ọdún náà, nígbà tí ayé ti ń jó, ìbò kan ṣoṣo, 203 sí 202, ni ilé aṣojú-ṣòfin fi gbà kí àwọn ọmọ ogun tí wọ́n ti kó jọ dúró sẹ́nu iṣẹ́. Ohun tí wọn ì bá sọ ní gbangba ní ọdún 1935, láìsí ìbọn kan, ni wọ́n wá ń fi ẹ̀tàn ṣe ní ọdún 1941 pẹ̀lú ọkọ̀ ogun. Jámánì ló sì kéde ogun sí Amẹ́ríkà ní ọjọ́ kọkànlá oṣù Kejìlá, kì í ṣe Amẹ́ríkà ló kọ́kọ́ kéde rẹ̀ sí Jámánì.

Nínú ilé, ogun náà yí ìgbésí ayé padà kíákíá. Ní ọdún 1940, nínú òṣìṣẹ́ 100, bíi 14 tàbí 15 ni kò ríṣẹ́. Ní ọdún 1944, kò fi bẹ́ẹ̀ ju ẹyọ kan lọ. Wọ́n dá ṣíṣe mọ́tò aládàáni dúró ní oṣù Kejì ọdún 1942, wọ́n ń wọn ṣúgà àti epo mọ́tò fún ènìyàn, àwọn obìnrin tó tó mílíọ̀nù mẹ́fà wọ iṣẹ́ oṣù. Ṣùgbọ́n ilé tó ń lọ gba ẹlòmíràn sílẹ̀ ní kòkòrò tirẹ̀ lẹ́nu. Àwọn ilé iṣẹ́ tó ń ṣe bàálù kì í gba adúláwọ̀, àfi fún iṣẹ́ gbígbálẹ̀, àwọn ológun sì ya dúdú kúrò lára funfun. A. Philip Randolph, olórí ẹgbẹ́ àwọn adúláwọ̀ òṣìṣẹ́ inú ọkọ̀ ojú irin, ló tètè sọ. Ó kìlọ̀ pé bí ìjọba kò bá ṣe nǹkan, ẹgbẹẹgbẹ̀rún adúláwọ̀ yóò rìn wọ Washington ní ọjọ́ kìíní oṣù Keje ọdún 1941. Nígbà tó ku ọjọ́ mẹ́fà, Roosevelt fọwọ́ sí àṣẹ 8802, tó ka ìyàsọ́tọ̀ léèwọ̀ nínú ilé iṣẹ́ ohun ìjà. Ẹnikẹ́ni kò kú, kò sí fèrèsé tó fọ́. Mi ò mọ ẹ̀rí tó tún lágbára ju èyí lọ nínú gbogbo ìtàn yìí pé ọ̀rọ̀ tó bọ́ sí àsìkò ń ṣiṣẹ́. Àwọn ohun tí àṣẹ náà kò fọwọ́ kàn, bí ilé gbígbé àti iṣẹ́ ológun, ni wàhálà ti jáde: ní oṣù Kẹfà ọdún 1943, ìjà ẹ̀yà bẹ́ ní Detroit, ènìyàn 34 kú, 25 nínú wọn jẹ́ adúláwọ̀.

Àwọn ọmọ Amẹ́ríkà tó jẹ́ ìran Jàpáàn kò rí Randolph kankan ní Washington. Ní ọjọ́ kọkàndínlógún oṣù Kejì ọdún 1942, Roosevelt fọwọ́ sí àṣẹ 9066, wọ́n sì kó ènìyàn bíi 120,000 kúrò ní etíkun ìwọ̀-oòrùn lọ sí àgọ́ bíi Manzanar, bẹ́ẹ̀ ọmọ onílẹ̀ ni ìdá méjì nínú mẹ́ta wọn. Wọ́n lè ní ogun le, kò sí àyè láti yẹ ẹnì kọ̀ọ̀kan wò. Hawaii ló já irọ́ yìí. Níbẹ̀ ni àdó olóró ti bú, níbẹ̀ sì ni ìran Jàpáàn ti pọ̀ tó bí ìdá kan nínú mẹ́ta gbogbo ará ìlú. Síbẹ̀ wọn kò kó wọn lápapọ̀, nítorí ọrọ̀ ajé erékùṣù náà kò lè dúró láìsí wọn. Bí ewu bá ni ìdí rẹ̀, Hawaii ni wọn ì bá ti kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀. Ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ gbè sẹ́yìn ìjọba nínú ẹjọ́ Korematsu, tó dá lórí kíkó wọn kúrò yìí, ní ọdún 1944, nígbà tí àwọn ọmọkùnrin láti inú àwọn àgọ́ náà ń jà fún Amẹ́ríkà ní Ítálì àti Faransé nínú ẹgbẹ́ ọmọ ogun 442.

Àwọn kan gbà pé ogun yìí ló tún ilé náà ṣe, ìyẹn ni pé pípẹ́ kò bà á jẹ́. Lóòótọ́ ni Ààrẹ Truman pàṣẹ ní ọdún 1948 kí ìyàsọ́tọ̀ dópin nínú iṣẹ́ ológun. Ṣùgbọ́n ọdún mẹ́ta ti kọjá lẹ́yìn tí ogun parí, ọmọ Amẹ́ríkà bíi 405,000 sì ti kú. Ti àwọn ará Manzanar pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ọdún 1988 ni ìjọba tó fi òfin tọrọ àforíjì, tó sì ní kí wọ́n san 20,000 dọ́là fún ẹnì kọ̀ọ̀kan tó bá ṣì wà láàyè. Púpọ̀ nínú àwọn tó jẹ́ àgbàlagbà nígbà tí wọ́n kó wọn wọ àgọ́ ti kú kí owó náà tó jáde.