Ẹfinrin Ọ̀dàn, Tíì Àwọn Baba Wa



Ní Àgídìngbì tí mò ń gbé, tíì ni a ń pe gbogbo ohun mímu gbígbóná, títí kan Bournvita tí ilé-iṣẹ́ Cadbury ń ṣe níbí. Ṣùgbọ́n kí tíì inú páálí tó dé ọjà ni àwọn àgbà ti ń da omi gbígbóná sórí ewé kan. Ẹfinrin ọ̀dàn ni. Kì í ṣe ẹfinrin tí à ń fi se ọbẹ̀. Igi kékeré ni, ewé rẹ̀ mẹ́ta tàbí mẹ́rin a máa yọ lójú oríkèé kan ṣoṣo. Lippia multiflora ni àwọn onímọ̀ ewéko ń pè é. Àwọn Fọ̀n ní Bẹ̀nẹ̀ ń pè é ní aglala, àwọn tí ń sọ èdè Faransé sì ń pè é ní tíì Gáḿbíà.

Ibà, ikọ́ àti inú rírun ni olúwo mi ń lò ó fún. (Wọ́n ní ó ń mú ẹ̀jẹ̀ ríru wálẹ̀ pẹ̀lú. Ẹni tí ó bá ń lo oògùn ilé ìwòsàn fún un, kí ó kọ́kọ́ bá dókítà rẹ̀ sọ̀rọ̀.) Bí a bá fẹ́ já a, a ó kí Ọ̀sanyìn, a ó sì ṣẹ́ orí ẹ̀ka nìkan. Bàbá kì í gbà kí a fọwọ́ kan gbòǹgbò, nítorí pé láti inú rẹ̀ ni igi náà ti ń rú padà lẹ́yìn iná ọ̀dàn.

Ewé yìí kì í ṣe ti ilẹ̀ Àwórì. Bàbá sọ fún mi pé láti Òkè-Ògùn ni wọ́n ti ń dì í wá sí Ìbàdàn, kí ọkọ̀ ojú irin, èyí tí ó ti ń ná ọ̀nà náà láti 1901, tó gbé e dé Agége. Ewé inú igbó tiwa ti ń lọ nígbà náà. Àwọn olóko kòkó àti obì Agége, tí wọ́n dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ ní 1907, ni wọ́n kọ́kọ́ ṣán igbó. Ní àwọn ọdún 1950, ìjọba Ìwọ̀ Oòrùn fi ilẹ̀ Ìkẹjà fún àwọn ilé-iṣẹ́. Pierre Verger, tí a tẹ̀ nífá ní Kétu ní 1953, tí ó di Fátúmbí, tẹ ìwé Ewé jáde ní 1995. Mo bọ̀wọ̀ fún iṣẹ́ náà, ṣùgbọ́n orúkọ ewé ni ìwé lè pa mọ́.

Ẹ̀bi tèmi náà wà níbẹ̀. Ní nǹkan bí ogún ọdún sẹ́yìn, lẹ́kùlẹ́jà kan gbé ẹfinrin ọ̀dàn wá fún mi tòun ti gbòǹgbò. Mo mọ ohun tí olúwo mi wí. Síbẹ̀, ó tutù yọ̀yọ̀, mo sì sọ fún ìyá náà pé bí mo ṣe fẹ́ ẹ nìyẹn. Bẹ́ẹ̀ ni ó ṣe ń hú u wá ní ọdọọdún. Nígbà tó yá, ìdì náà ń kéré sí i. Lọ́jọ́ kan ó ní, "Bàbá, mo rìn títí, n kò rí i mọ́."

Ní Gáná, wọ́n ti ń gbin tiwọn sí oko. Èmi náà wá ẹ̀ka láti ọ̀nà méjì, mo rì wọ́n sínú ìkòkò mẹ́ta lẹ́yìnkùlé. Ọ̀kan kú. Ọ̀kan ń ta sánsán bí ọsàn wẹ́wẹ́, èkejì bíi káfúrà, nítorí pé òórùn igi yìí a máa yàtọ̀ láti ibì kan sí ibòmíràn. Kò sí èyí tí ó jọ ti olúwo mi nínú wọn.