Nàjáṣì, Ọba tí Ó Gbọ́ Ẹjọ́ Àlejò

Àwọn àgbà wa ní, agbẹ́jọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà. Kò sí ààfin kan ní ilẹ̀ wa, ìbáà ṣe ní Kétu, ní Ṣábẹ tàbí ní Àjàṣẹ́, tí a kò ti mọ ìtumọ̀ òwe yìí. Orí àga ìdájọ́ ni a ti ń mọ iyì ọba. Ìlẹ̀kẹ̀ ọrùn àti adé orí kò tó láti fi í hàn. Ìtàn tí a fẹ́ sọ lónìí kì í ṣe ti ọba ilẹ̀ Yorùbá. Ó ṣẹlẹ̀ ní nǹkan bí 1,400 ọdún sẹ́yìn, ní apá ìlà-oòrùn ilẹ̀ Áfíríkà. Síbẹ̀, ó yẹ kí gbogbo ọmọ aládé mọ̀ ọ́n, yálà ó ń kírun ni, tàbí ó ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, tàbí ó ń bọ òrìṣà ìdílé rẹ̀. Nígbà tí ẹ̀sìn Ìsìláàmù ṣì jẹ́ ọmọ ọwọ́, tí àwọn ará ilé rẹ̀ fẹ́ tẹ̀ ẹ́ pa, ọba Kìrìsìtẹ́nì kan, ọmọ Áfíríkà, ni ó ṣí ilẹ̀kùn fún un.

Ìlú Mẹ́kà àti ìpè tuntun

Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún keje, ìlú oníṣòwò ni Mẹ́kà ní ilẹ̀ Lárúbáwá, ẹ̀yà Quraysh ni ó sì ni agbára níbẹ̀. Àwọn ni olùtọ́jú Káábà, ilé àtijọ́ tí àwọn ẹ̀yà káàkiri ń rìnrìn àjò wá láti bọ òrìṣà wọn. Ìrìn àjò náà àti ọjà tí ó ń bá a rìn ni ó sọ wọ́n di ọlọ́lá.

Ní nǹkan bí ọdún 610, ìṣípayá bẹ̀rẹ̀ sí í dé bá Muhammad ọmọ Abdullah nínú ihò àpáta Hírà, gẹ́gẹ́ bí àwọn Mùsùlùmí ti gbà gbọ́. Ọmọ òrukàn ni. Bàbá bàbá rẹ̀ ni ó kọ́kọ́ tọ́ ọ, lẹ́yìn náà arákùnrin bàbá rẹ̀, Abu Talib, gbà á wò. Iṣẹ́ tí ó jẹ́ fún àwọn ará ìlú rẹ̀ kò gùn: Ọlọ́run kan ṣoṣo ni ó wà, kò ní alábàáṣe, ọjọ́ kan ń bọ̀ tí oníkálukú yóò jíhìn iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀, ẹ má jẹ ẹ̀tọ́ ọmọ òrukàn, ẹ má gbàgbé òtòṣì, ẹ má sì bo ọmọbìnrin mọ́ ilẹ̀ láàyè.

Ọ̀rọ̀ yìí kan Quraysh ní ibi mẹ́ta tí ó ń dùn wọ́n: ó kan òrìṣà bàbá wọn, ó kan ọjà wọn, ó sì kan ipò wọn láàrin àwọn ẹ̀yà yòókù. Ẹni tí ó ní ẹbí tí ó lágbára lẹ́yìn lè gba Ìsìláàmù kí ó sì rí ààbò díẹ̀. Ẹrú àti ẹni tí kò ní ẹbí ni ìyà náà wọ̀ lára. Bilal, tí ìyá rẹ̀ jẹ́ ọmọ Àbísíníà, ni ọ̀gá rẹ̀ ń tẹ́ sórí iyanrìn gbígbóná, tí ó ń gbé òkúta ńlá lé àyà rẹ̀. Òun náà ni ó wá di ládàánì àkọ́kọ́ nínú Ìsìláàmù. Sumayya ní tirẹ̀ kò là á já. Wọ́n pa á nítorí ìgbàgbọ́ rẹ̀.

Ẹ sọdá òkun

Nígbà tí ìyà náà pọ̀ jù, ní nǹkan bí ọdún 615, Ànábì Muhammad sọ fún àwọn ènìyàn rẹ̀ pé kí wọ́n sọdá Òkun Pupa lọ sí Àbísíníà, nítorí pé ọba kan wà níbẹ̀ tí a kì í rẹ́ ẹnikẹ́ni jẹ lábẹ́ rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí a fi ọkàn sí i: kò sọ pé ọba náà jẹ́ ẹlẹ́sìn wọn. Ìdájọ́ òdodo rẹ̀ nìkan ni ó fi júwe rẹ̀.

Àbísíníà ìgbà náà ni ìjọba Aksum, ní ilẹ̀ tí a ń pè ní Ethiopia àti Eritrea lónìí. Ìjọba ńlá ni. Láti ọ̀rúndún kẹrin, ní ìgbà ọba Ezana, ni ààfin Aksum ti gba ẹ̀sìn Kìrìsìtẹ́nì. Wọ́n ń rọ owó wúrà tiwọn, èbúté wọn ní Adulis sì ń bá àwọn oníṣòwò Lárúbáwá àti ti Íńdíà dòwò pọ̀. Oyè ọba wọn ni àwọn Lárúbáwá ń pè ní Nàjáṣì. Kì í ṣe orúkọ ènìyàn. Oyè ni, gẹ́gẹ́ bí Alákétu ti jẹ́ oyè ní Kétu. Orúkọ tí ìtàn àwọn Mùsùlùmí fún ẹni tí ó wà lórí ìtẹ́ nígbà náà ni Ashama.

Àwọn tí ó kọ́kọ́ lọ kò pé 20. Uthman, ẹni tí ó di kálífà kẹta lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún, wà nínú wọn pẹ̀lú ìyàwó rẹ̀ Ruqayya, ọmọ bíbí Ànábì. Lẹ́yìn náà ni ọ̀wọ́ kejì lọ, tí àwọn ọkùnrin ibẹ̀ ju 80 lọ, láìka obìnrin àti ọmọdé mọ́ wọn. Umm Salama, ọ̀kan nínú àwọn obìnrin náà, ni ó sọ ohun tí ojú rẹ̀ rí fún ìran tí ó tẹ̀ lé e. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ ni Ibn Ishaq, òpìtàn ọ̀rúndún kẹjọ, kọ sílẹ̀.

Ẹ̀bùn wọ ààfin

Quraysh kò fẹ́ kí àwọn ènìyàn wọn ní ibi ìsádi. Wọ́n rán ọkùnrin méjì, Amr ibn al-As àti Abdullah ibn Abi Rabia, wọ́n sì di ẹrù awọ tí a ṣe dáradára fún wọn, nítorí pé awọ Mẹ́kà níyì gan-an ní Àbísíníà. Àwọn ìránṣẹ́ náà gbọ́n. Wọn kò kọ́kọ́ lọ sọ́dọ̀ ọba. Ilé àwọn ìjòyè ni wọ́n kọ́kọ́ yà, wọ́n fún ìjòyè kọ̀ọ̀kan ní ẹ̀bùn tirẹ̀, wọ́n sì bẹ̀ wọ́n pé bí ọ̀rọ̀ bá dé iwájú ọba, kí wọ́n gbà á níyànjú láti dá àwọn àlejò náà padà kí ó tó gbọ́ tẹnu wọn. Ẹni tí ó bá mọ ààfin yóò mọ̀ pé ọ̀nà yìí kò tíì parẹ́ láyé.

Nígbà tí wọ́n dé iwájú Nàjáṣì, wọ́n ní àwọn òmùgọ̀ ọ̀dọ́ kan ló sá kúrò nílé, wọ́n kọ ẹ̀sìn bàbá wọn, wọn kò sì gba ẹ̀sìn ọba. Kí ọba fà wọ́n lé àwọn ẹbí wọn lọ́wọ́. Gbogbo ìjòyè sì dáhùn pé òótọ́ ni, kí ọba ṣe bẹ́ẹ̀.

Ọba bínú. Ó ní àwọn tí ó fi ilé ẹlòmíràn sílẹ̀ tí wọ́n yan ilé òun láti sá sí, òun kò ní fà wọ́n lé ẹnikẹ́ni lọ́wọ́ láìjẹ́ pé òun pè wọ́n, kí òun sì gbọ́ tẹnu wọn. Ó ránṣẹ́ pe àwọn bíṣọ́ọ̀bù rẹ̀, wọ́n ṣí ìwé mímọ́ wọn yí i ká, a sì mú àwọn àlejò wọlé.

Ohun tí Jafar sọ

Jafar, ọmọ Abu Talib, ẹ̀gbọ́n Ali, ni ó gbẹnu sọ fún wọn. Ó ní ní ìgbà àìmọ̀kan àwọn, òkúta àti igi ni àwọn ń bọ, àwọn ń jẹ òkú ẹran, àwọn ń já okùn ẹbí, alágbára àwọn sì ń jẹ aláìlágbára run. Nígbà náà ni Ọlọ́run rán ẹnìkan sí àwọn tí àwọn mọ ìran rẹ̀ àti òtítọ́ rẹ̀. Ó pè wọ́n sí ìsìn Ọlọ́run kan ṣoṣo, ó kọ́ wọn láti sọ òótọ́, láti dá ohun ìfipamọ́ padà fún ẹni tí ó ni ín, láti tọ́jú ẹbí àti aládùúgbò, láti yé ta ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀ àti láti yé ba orúkọ obìnrin rere jẹ́. Ó pa á láṣẹ fún wọn láti máa kírun àti láti máa tọrẹ.

Nínú ọ̀rọ̀ yìí ni a ti rí bí ẹ̀sìn náà ti rí ní kékeré. Òpó márùn-ún tí gbogbo ọmọ Mùsùlùmí mọ̀ lónìí, èyíinì ni ìjẹ́rìí, ìrun, sàká, ààwẹ̀ àti hájì, kò dúró tán lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Fún àpẹẹrẹ, ààwẹ̀ Ràmàdáànì kò di dandan títí di ọdún 624, nígbà tí Ànábì ti wà ní Mẹ̀dínà. Ohun tí ó kọ́kọ́ fìdí múlẹ̀ ni ìgbàgbọ́ nínú Ọlọ́run kan àti ìwà tí ó yẹ kí ó bá a rìn.

Ọba bèèrè bóyá wọ́n ní nǹkan kan lọ́wọ́ nínú ohun tí Ọlọ́run sọ̀ kalẹ̀. Jafar ka ìbẹ̀rẹ̀ Súrà Màríyámù, níbi tí a ti sọ ìtàn Sakariyáù àti ìbí Ànábì Ísà. Umm Salama ní ọba sunkún títí irùngbọ̀n rẹ̀ fi tutù, àwọn bíṣọ́ọ̀bù sì sunkún títí omijé fi kán sórí ìwé tí ó wà níwájú wọn. Ọba ní orísun kan náà ni èyí àti ohun tí Ísà mú wá ti jáde, òun kò sì ní fà wọ́n sílẹ̀.

Ọjọ́ kejì

Amr kò jọ̀wọ́ ọ̀rọ̀ náà. Ní ọjọ́ kejì ó padà wá, ó ní kí ọba bi wọ́n ohun tí wọ́n ń wí nípa Ísà. Ó mọ̀ pé ibẹ̀ ni ọ̀nà ti pín. Ẹ̀rù ba àwọn àlejò, ṣùgbọ́n wọ́n pinnu pé àwọn kò ní fi irọ́ ra ààbò. Jafar dáhùn pé ẹrú Ọlọ́run ni Ísà, òjíṣẹ́ Rẹ̀ ni, ẹ̀mí láti ọ̀dọ̀ Rẹ̀ ni, ọ̀rọ̀ Rẹ̀ sì ni, tí Ó sọ sí Màríyámù wúńdíá. Kò pè é ní ọmọ Ọlọ́run.

Nàjáṣì mú ọ̀pá kékeré kan nílẹ̀, ó ní ìyàtọ̀ tí ó wà láàrin ọ̀rọ̀ yìí àti òtítọ́ kò gùn tó ọ̀pá náà. Àwọn ìjòyè kùn. Ó ní kí wọ́n máa kùn. Ó sọ fún àwọn àlejò pé kí wọ́n lọ, ilẹ̀ òun ti di ibi àlàáfíà fún wọn, ó sì pàṣẹ kí a dá ẹ̀bùn àwọn ará Mẹ́kà padà. Ó fi kún un pé Ọlọ́run kò gba àbẹ̀tẹ́lẹ̀ lọ́wọ́ òun nígbà tí Ó dá ìjọba òun padà fún òun. Kí ló dé tí òun yóò fi gbà á?

Ọmọ ọba tí a tà

Ọ̀rọ̀ yìí ní ìtàn lẹ́yìn, Ibn Ishaq sì gbà á sílẹ̀ láti ẹnu Aisha, ìyàwó Ànábì. Wọ́n ní ọmọ kan ṣoṣo ni bàbá Nàjáṣì bí, arákùnrin ọba sì bí ọmọkùnrin 12. Àwọn ìjòyè pa ọba, wọ́n gbé adé fún arákùnrin rẹ̀, kí oyè lè pẹ́ ní ìdílé ọlọ́mọ púpọ̀. Ṣùgbọ́n ọmọ òrukàn náà gbọ́n, arákùnrin bàbá rẹ̀ sì fẹ́ràn rẹ̀. Ẹ̀rù ba àwọn tí ó pa bàbá rẹ̀, wọ́n sì fi agbára mú kí a tà á fún oníṣòwò kan ní 600 dírámù.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, àrá sán pa ọba tuntun. Wọ́n wo àwọn ọmọ rẹ̀ méjèèjìlá, kò sí èyí tí ó ṣe é fi jọba. Wọ́n sáré lépa oníṣòwò náà, wọ́n gba ọmọ lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n sì gbé e gorí ìtẹ́. Oníṣòwò wá bèèrè owó rẹ̀, wọ́n kọ̀. Ó gbé ẹjọ́ lọ síwájú ọba. Ọba ní ẹ san owó rẹ̀ fún un, tàbí kí ẹrú rẹ̀ fi ọwọ́ lé e lọ́wọ́, kí ó máa mú un lọ. Wọ́n san án. Ìdájọ́ àkọ́kọ́ tí ó dá nìyẹn, òun fúnra rẹ̀ sì ni ọjà tí a ń tìtorí rẹ̀ jà.

Ẹni tí a ti tà rí ni ó jókòó gbọ́ ẹjọ́ àwọn tí a fẹ́ fà lọ.

Ohun tí ó ná an, àti ohun tí ó kù

Àánú yìí kò wá lọ́fẹ̀ẹ́. Àwọn kan nínú ìlú ní ọba ti kúrò nínú ẹ̀sìn wọn, wọ́n sì dìde sí i. Kí ó tó jáde lọ pàdé wọn, ó pèsè ọkọ̀ ojú omi fún àwọn àlejò rẹ̀, ó ní bí a bá ṣẹ́gun òun kí wọ́n sá lọ. Kò sì fi agbára mú ẹnikẹ́ni nínú wọn: Ubayd Allah ibn Jahsh di Kìrìsìtẹ́nì níbẹ̀, ìyàwó rẹ̀ Umm Habiba dúró nínú Ìsìláàmù, àwọn méjèèjì sì wà lábẹ́ ààbò kan náà.

Ní ọdún 622, Ànábì ṣí lọ sí Mẹ̀dínà. Ọdún náà ni àwọn Mùsùlùmí fi bẹ̀rẹ̀ ìṣírò kàlẹ́ńdà wọn. Jafar àti àwọn tí ó kù ní Àbísíníà padà dé ní 628. Amr pàápàá, tí ó lọ fi awọ ra ìdájọ́, gba Ìsìláàmù lẹ́yìn ọdún díẹ̀, òun ni ó sì darí ogun wọ Íjíbítì. Nígbà tí ìròyìn ikú Nàjáṣì dé Mẹ̀dínà ní nǹkan bí ọdún 630, Ànábì to àwọn ènìyàn sí ẹsẹẹsẹ, ó sì kírun sí i lára láìsí òkú níwájú wọn. Láti ibẹ̀ ni àwọn Mùsùlùmí ti mú kíkírun fún òkú tí ó wà lókèèrè. Àwọn Mùsùlùmí gbà pé ó kú sínú ìgbàgbọ́ wọn. Ní abúlé Negash, ní Tigray, mọ́sálásí kan wà tí wọ́n ń bọ̀wọ̀ fún nítorí rẹ̀. Ogun bà á jẹ́ ní ọdún 2020.

Ẹ̀yin ọmọ Kétu, ẹ̀yin ọmọ Ṣábẹ, ẹ̀yin ọmọ Àjàṣẹ́, kò sí agbo ilé kan nínú wa tí ẹ̀sìn kò pín sí méjì tàbí mẹ́ta. Ní Àjàṣẹ́, mọ́sálásí ńlá tí àwọn Àgùdà tí ó ti Brazil dé kọ́ ní ojú tí ó jọ ṣọ́ọ̀ṣì Bahia. Ẹni tí ó bá kọjá níbẹ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́ yóò dúró bèèrè ilé ẹ̀sìn tí ó jẹ́. Ọba tí ó bá jókòó láàrin irú àwọn ènìyàn bẹ́ẹ̀ kò lè jẹ́ bàbá apá kan. A ó máa jiyàn lórí ilé tí oyè kàn, a ó sì máa ka oríkì àwọn tí ó ti jẹ. Ó dára bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí a bá ń yan ẹni tí yóò jókòó, ẹ jẹ́ kí a bi ara wa léèrè: bí àlejò tí kò ní ẹnìkan bá sá wọ ààfin wa ní òru, tí àwọn tí ó ń lé e sì ti pín ẹ̀bùn fún gbogbo ìjòyè kí ilẹ̀ tó mọ́, ṣé ẹni yìí yóò ní kí a mú un wá, kí òun gbọ́ tẹnu rẹ̀?