Ajá Tí Kì Í Jẹun

Ní ọdún 1999 ni ilé-iṣẹ́ Sony gbé ajá ẹ̀rọ kan tí ń jẹ́ AIBO jáde ní ilẹ̀ Japan. Yẹ́ẹ̀nì 250,000 ni ọ̀kọ̀ọ̀kan, síbẹ̀ 3,000 tí wọ́n kọ́kọ́ tà níbẹ̀ tán láàárín 20 ìṣẹ́jú. Ajá yìí kì í jẹun, ṣùgbọ́n a máa ju ìrù, a sì máa kọ́ ìwà lọ́dọ̀ ẹni tó ni ín. Ọ̀pọ̀ àgbàlagbà sọ ọ́ di ará ilé.

Sony dáwọ́ ṣíṣe rẹ̀ dúró ní 2006. Ní 2014, wọ́n dáwọ́ títún un ṣe náà dúró. Ọ̀rọ̀ wá di ọ̀fọ̀. Àwọn òṣìṣẹ́ Sony tẹ́lẹ̀ rí ní ilé-iṣẹ́ A-Fun ń yọ ẹ̀yà ara èyí tó ti kú láti fi wo èyí tó ṣẹ́kù. Láti 2015, kí wọ́n tó tú òkú náà, àlùfáà ẹ̀sìn Búdà a kọ́kọ́ ṣe ìsìnkú fún un ní tẹ́ńpìlì Kofuku-ji, ní ìlú Isumi. Sony gbé AIBO tuntun jáde ní 2018, ṣùgbọ́n tuntun kò jí òkú dìde.

Ẹ̀yin òǹkàwé, ẹ má fi wọ́n rẹ́rìn-ín. Àwọn ìyá ńlá wa wẹ ère ìbejì, wọ́n fún un lóúnjẹ, wọ́n sì mọ̀ pé igi ni. Ohun tí ènìyàn bá ti fọwọ́ ara rẹ̀ kẹ́ kì í ṣe ohun lásán mọ́ lójú rẹ̀.